Bí Mo Ṣe Ní Kí Bàbá Mi Dúró De Sẹ́ẹ̀lì Tuntun

Èmi ni mo ní kí bàbá mi má rìn mọ́. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọpọlọ ní ìlú òyìnbó. Èmi ni. Mo sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní àgbàlá wa ní Pọbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá mi lójú bí ẹni ń ka ìwé. Bàbá mi gbà mí gbọ́, torí wọ́n rò pé iṣẹ́ tí ọmọ wọn obìnrin rán mi ni mò ń jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi wa kamiọ́ọ̀nù tó ń kó òkúta ní Onígbólò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, wọ́n mú oko kékeré kan ní Tówé, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oko dára ju kamiọ́ọ̀nù lọ nítorí pé oko kì í ní bíréèkì tó lè já. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń fọ ẹnu lẹ́yìn ilé, ife omi já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, wọn kò sì lè nàró mọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu wọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wo ife náà bíi pé òun ló ṣẹ̀ wọ́n. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ wọn mọ́, apá ọ̀hún sì ti kú. Àwa ń pè é ní rọpárọsẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú lọ.

Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún wa ní Sakẹ́tẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ara ní bí a ti ń rìn. Kinẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi ni mo máa ń gbé bàbá mi lọ lórí alùpùpù. Torí pé wọn kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún dì mí mú, mo máa ń fi ọ̀já so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn mi, a ó sì máa lọ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà ọlọ́dà, kamiọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa.

"Má sáré o," bàbá mi á ní pẹ̀lú ẹnu wọn tó yí. "Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í fẹ́ kí ìyá rẹ̀ sáré."

Àwọn tó bá rí wa lójú ọ̀nà a máa rẹ́rìn-ín, bàbá mi a sì máa fi ọwọ́ òsì kí wọn bí ọba.

Ní ọ̀dọ̀ kinẹ́, kò sí ẹ̀rín. Ọkùnrin náà á mú ìka wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á na án, á tún ká a. Á ní kí wọ́n di irin kan mú, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde. Bàbá mi á làágùn bí ẹni tó ń ro oko. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti lè dá dúró, àtàǹpàkò wọn sì ti ń mì. Ohun tí mo bà jẹ́ nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi kí ẹ tó lè mọ bí mo ṣe bà á jẹ́. Dàda ni mò ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níhìn-ín, ọ̀rọ̀ àwọn Ẹ̀gùn ni. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Dàda ló gbé mi pọ̀n títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá ń kàwé, ó máa ń mi mí lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ inú ìwé ni ó sì fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìwé kò fi wọ̀ mí lórí. Oorun ni mo mọ̀ ọ́n mọ́. Èmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì díẹ̀, mo sì kúrò kí ìdánwò tó dé. Òun ń gun òkè lọ ní tirẹ̀, títí ìjọba fi fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó sì kọjá sí ìlú òyìnbó.

Iṣẹ́ tèmi ni títọ́jú ọmọ ọ̀pẹ. Mò ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní etí ìlú, nínú ọgbà tí a ti ń gbin ẹkùrọ́ tó ti hu sínú àpò ọ̀rá dúdú kéékèèké, tí a ń bomi rin wọ́n lábẹ́ ìbòòji títí wọ́n á fi tó gbé lọ sóko. Iṣẹ́ sùúrù ni. Òfin ọ̀gá mi kò ju ọ̀kan lọ: tí o bá ti fi ẹkùrọ́ sí ilẹ̀, fi í sílẹ̀. Má mì í, má hú u láti wò ó. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀ bí ìka ọmọ ọwọ́. Bí ilẹ̀ bá mì, ó ti kán. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo rò pé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n yẹn, mo ti mọ gbogbo ohun tí à ń gbìn láyé.

Dàda kì í kọ̀wé sí mi. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ohùn gígùn, bí ó bá ń rìn lọ sílé láti ibi iṣẹ́. Èmi á gbé fóònù sí àpò àyà, màá máa gbọ́ ọ bí mo bá ń bomi rin ọ̀pẹ. Mo fẹ́ràn ohùn náà. Mo máa ń gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dún lórí ọ̀nà wọn lọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá mi ṣàìsàn, mo bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, torí mo mọ̀ pé ọpọlọ ni.

"Purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni mò ń wò," ó ní.

Mo dá a lóhùn: "Purotéènì? Èyí tí wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀wà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun náà ni, ṣùgbọ́n pé ara wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe é. Ó ní ara ènìyàn dà bí ìlú tó kún fún yàrá kéékèèké, yàrá wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì, purotéènì sì ni òṣìṣẹ́ inú wọn. Ọ̀kan ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ń gbé ẹrù. Ọ̀kan ń jíṣẹ́ fún yàrá kejì.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ," ó ní, "tí kò tíì yan iṣẹ́. Wọ́n dà bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ bóyá télọ̀ lòun máa kọ́ ni tàbí káfíńtà. Ọ̀kan lè di èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan lè di èyí tó ń ṣètọ́jú àwọn yòókù. Mò ń tọ́ wọn nínú àwo pẹlẹbẹ kan, mò ń bọ́ wọn lójoojúmọ́, ọjọ́ Ìsinmi pàápàá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí ọmọ náà pinnu, ta ni òṣìṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ sí i létí?"

Mo bi í pé, "Kí lẹ máa wá fi ìyẹn ṣe, Dàda?"

Ohùn tó fi dáhùn ìbéèrè yìí ni mo fi pa ara mi lára. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè kà á lórí:

"Bí a bá mọ̀ ọ́n dáadáa, bóyá lọ́jọ́ kan, bóyá, a ó lè gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sí orí ẹni tí apá kan ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbìn wọ́n sí gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ ná. Tí ó bá wú, tí ó ń gbóná, wọ́n máa ń kú. Ọ̀nà ṣì jìn, àbúrò mi. Kí ni bàbá jẹ lónìí?"

Mo gbọ́ "gbìn". Mo gbọ́ "rọlẹ̀". Ọ̀rọ̀ inú ọgbà mi ni méjèèjì. Mo pa agolo ìbomirin tì, mo sì lọ sílé.

Bàbá mi jókòó lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń ṣí ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ọwọ́ òsì bí kinẹ́ ṣe kọ́ wọn.

"Bàbá, Dàda fi ohùn ránṣẹ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní àwọn ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọ́n máa gbìn sí orí yín. Ó ní ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀. Tí ó bá ń gbóná, á kú."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ọ̀dọ̀ kinẹ́ máa ń mú mi gbóná," wọ́n ní. "Gbogbo aṣọ mi ló máa ń tutù fún òógùn."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kí ẹ sinmi ná. Ẹ má rìn, ẹ má na ìka. Títí Dàda máa fi wá sinmi nílé fún vakáǹsì."

Bàbá mi fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n rọra gbé e lé itan, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Bí a ṣe dá a dúró nìyẹn.

Dàda sọ "bóyá" lẹ́ẹ̀mejì. Mo gé méjèèjì kúrò. N kò lè purọ́ pé n kò gbọ́ wọn. Ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ mú wọlé, mo sì rò pé "bóyá" á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ohun mìíràn tún wà tí ojú ń tì mí láti kọ: ọ̀nà Sakẹ́tẹ́ ti sú mi. Àárọ̀ tí mo bá gbé bàbá lọ, ọ̀gá mi á máa kùn, ọ̀pẹ á sì máa retí omi. Nígbà tí mo rí ìdí tí a fi lè jókòó sílé, mi ò wá ìdí kejì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú wa. Tànyí ni a ń pè wọ́n. Aláṣọ funfun ni wọ́n, ará ìjọ tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá wọ aṣọ àdúrà, kò sì sí ẹni tó lè já wọn ní koro. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì kó ìròyìn náà lọ sí ìjọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ọmọ ilé wa ń mú ọpọlọ tuntun bọ̀. Torí pé mo mẹ́nu ba purotéènì, Tànyí bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀wà lójoojúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," bàbá mi á ní, "ṣé ọpọlọ lẹ fẹ́ fi kún orí mi ni tàbí afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ fi kún inú mi?"

"Jẹ ẹ́, má sọ̀rọ̀. Ìgbà tí o ń wa kamiọ́ọ̀nù, ìwọ lo mọ̀. Ní báyìí, èmi ni mo mọ̀."

A rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní ìgbà òjò yẹn. Mi ò lè sọ pé a kò láyọ̀. Bàbá mi jókòó lábẹ́ igi ọsàn, a ń bu omi tútù sí wọn lórí kí orí lè rọlẹ̀, mo ń gbé wọn wọ ilé, mo ń gbé wọn jáde. Wọ́n sanra díẹ̀. Àtàǹpàkò tó ń mì kò mì mọ́, ìka yòókù sì rọra ká wọlé, bí ewé tó ń gbẹ. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ń sinmi ni. Bàbá mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù torí ẹnu wọn, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni Dàda ti ń bèèrè wọn. Bí ó bá ní, "Ṣé ẹ ṣì ń lọ sí Sakẹ́tẹ́?" èmi á ní, "Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa." Mo fẹ́ kó dé bá ilẹ̀ tó ti tutù, kó sì yìn mí.

Ó dé nígbà ọyẹ́. Tànyí ti múra dè é. Wọ́n ti lọ bá obìnrin tó ń ta omi dídì lẹ́bàá wa, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó kó ẹja kúrò ní apá kan nínú fíríjì rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi gbé sẹ́ẹ̀lì sí. Èmi ni mo sọ fún wọn pé á nílò òtútù. Àwọn ará ìjọ mélòó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi wọ aṣọ tuntun. Dàda sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ akérò, ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì mú ọwọ́ ọ̀tún wọn láti gbé e lé orí rẹ̀ kí wọ́n súre fún un. Ọwọ́ náà kò ṣí. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà.

Ó tú báàgì rẹ̀. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ fún bàbá jáde, ìpara fún Tànyí, àti aṣọ òtútù kan fún mi.

"A dúpẹ́, ọmọ mi," Tànyí wí. "Èyí tó wà nínú yìnyín ńkọ́?"

"Èwo, Tànyí?"

"Ọpọlọ bàbá rẹ. Fíríjì ti ṣófo, ó ń dúró."

Dàda wò wọ́n, ó wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì wò mí. Ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo ọsàn lẹ́bàá ògiri. Òun ni mo tẹjú mọ́.

"Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀," Dàda wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "A ṣì ń wá a. Kò tíì sí."

"Kò tíì sí fún wa, àbí kò tíì sí fún àwọn òyìnbó?"

"Kò tíì sí fún ẹnikẹ́ni tó rí bíi bàbá, Tànyí."

"Hùn-ún." Tànyí dìde. "Bàbá tó jẹ eruku Onígbólò kí o lè kàwé. O mọ oògùn rẹ̀, o wá mú ìbọ̀sẹ̀ bọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó mu omi ná," bàbá mi wí. "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ti ń bi í léèrè ọpọlọ. Ṣé tiyín lẹ fi ń bi í?"

Àwọn ará ìjọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Tànyí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ì bá tó, "Èmi ni," ẹnu mi kò sì gbà á.

Ní ọjọ́ kejì, Dàda tẹ̀lé mi lọ sí ọgbà. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí kékeré kan, ó ń bu erùpẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, èmi ń fi ẹkùrọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá bí ti ìgbà tó ń bó ẹ̀pà fún mi. Ó ní òórùn erùpẹ̀ náà dára, pé níbi iṣẹ́ òun, ohunkóhun tó bá ti ń rùn, wọ́n á kó o dànù. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ọwọ́ bàbá kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń lọ sí Sakẹ́tẹ́."

"A kò lọ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò."

"Ta ló ní kí ẹ má lọ?"

Mo fi ẹkùrọ́ tó wà lọ́wọ́ mi sí ilẹ̀. Mo sọ fún un. Mo sọ nípa ohùn rẹ̀, nípa "rọlẹ̀", nípa fíríjì. Mo sọ pé ó wí "bóyá" lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gé e. Kò dá mi lẹ́kun. Ó ń bu erùpẹ̀ sí àpò kan ṣoṣo títí ó fi kún, tí ó ń dà sílẹ̀, kò sì mọ̀.

"Ẹ ti rí bí mo ṣe jẹ́ aláìlóye tó," mo wí.

"Kì í ṣe àìlóye," ó ní. "Òye rẹ pọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ ni. Irúgbìn lo mọ̀, o wá fi tọ́jú bàbá."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, ní sùúrù, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní apá ọpọlọ tó kú ti kú tán. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ bá ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí kinẹ́ fi ń na ìka. Òógùn ara kọ́ ni gbígbóná tí òun ń sọ. Èyí tí òun ń sọ wà nínú egbò ọpọlọ, omi tútù lórí kò sì lè dé ibẹ̀.

"Kódà bí sẹ́ẹ̀lì tuntun bá wà lọ́la," ó ní, "ẹni tá a gbìn ín sí lórí á ṣì ní láti rìn. Àlejò ni sẹ́ẹ̀lì náà. Ta ló máa fi ọ̀nà hàn án bí ẹsẹ̀ bá jókòó?"

Mo bi í pé kí ló wá ń dá wọn dúró tí wọn kò fi gbìn ín sí orí ènìyàn báyìí. Ó mú ẹkùrọ́ kan, ó ń yí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ní àwọn kan ti ń dán an wò, lára àwọn aláìsàn díẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ láti dàgbà, tó kàn ń bí ara rẹ̀ ṣáá, kókó ni á dà lórí ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń wo purotéènì. Bí a bá ti rí àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì, a ó mọ̀ pé ọmọdé ṣì ni; bí a bá rí àwọn mìíràn, a ó mọ̀ pé ó ti mú iṣẹ́. "Mi ò lè gbin ohun tí mi ò mọ̀ sórí bàbá ẹlòmíràn," ó ní, "ká má tíì sọ ti bàbá mi."

Ó sọ fún mi pé ní ọdún tó kọjá, èbu, irú èyí tó máa ń bo búrẹ́dì, wọ inú àwọn àwo òun, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù sì di dídànù ní àárọ̀ kan. Ó ní òun ló ṣí ìdérí jù. Ó jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀, ó sunkún, ó bọ́jú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa."

Nígbà tí a ń fọ ọwọ́, mo ní n ó sọ òtítọ́ fún Tànyí bí a bá délé. Ó mi orí. "Má sọ ọ́. Ìwọ lò ń bá wọn gbé. Wọ́n á fi ẹnu nà ọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Èmi ń lọ ní tèmi; kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ wọn máa ṣe mí lọ́hùn-ún." Mo gbà. Ó rọrùn fún mi láti gbà.

Ọ̀la rẹ̀ la gbé bàbá padà sí Sakẹ́tẹ́, Dàda lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wa. Lójú ọ̀nà, pẹ̀lú bàbá mi tí mo so mọ́ ẹ̀yìn, tí n kò ní láti wo ojú wọn, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo gbọ́ ohùn wọn létí mi.

"Èmi náà fẹ́ràn ìjókòó yẹn," wọ́n ní. "Ọkùnrin yẹn máa ń dùn mí tó bá na ìka mi. Nígbà tí o ní kí n sinmi, mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè kejì." Wọ́n tún ní, "Má sáré."

Kinẹ́ ti dìde nígbà tó rí wa. "Bàbá, mo rò pé ẹ ti kú."

"Mo kú díẹ̀," bàbá mi wí.

Ó mú ọwọ́ wọn, ó tẹ̀ ẹ́, ó wo ìka, ó sì kọjú sí mi. "Ìwọ, ṣé ọ̀nà ló sọnù mọ́ ọ lójú?"

Kí n tó lanu, Dàda ti dáhùn. "Ẹ̀bi wa ni, ẹ jọ̀ọ́. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà."

"Ẹsẹ̀ á gbọ́," ọkùnrin náà wí. "Ọwọ́ yìí, mi ò ṣèlérí."

Títí vakáǹsì fi parí, a ń lọ. Bí a kò bá lọ, Dàda á mú bàbá ní apá kan, èmi ní apá kejì, a ó máa rìn láti ibi igi ọsàn dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi á máa bú wa. Wọ́n ní a ń wọ́ wọn bí kamiọ́ọ̀nù tó kú sójú ọ̀nà. Dàda á ní kí wọ́n fún un ní jíà kejì, wọ́n á sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ní tòótọ́. Ní àárọ̀ tí ó máa lọ, wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ibi kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé e, àwa méjèèjì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn láìfọwọ́kàn wọ́n. Tànyí kò jáde. Wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà.

Ní báyìí, bàbá mi ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá dé títì, wọ́n sì máa ń jókòó síbẹ̀ kí wọ́n ka kamiọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ láti Onígbólò, kí wọ́n bú àwọn awakọ̀. Wọn kò lè dé oko Tówé. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣí. Kinẹ́ ti sọ pé kò jọ pé á ṣí mọ́. Ìgbà tó yẹ kó gbọ́ ìpè ni a fi dákẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n á gbé e sórí itan, wọ́n á fi òsì jẹun, tàbí kí n bá wọn bu òkèlè.

Láìpẹ́ yìí Dàda fi àwòrán kan ránṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú àwo rẹ̀ ni, ó fi oríṣi àwọ̀ sí purotéènì wọn kí wọ́n lè máa tàn: àwọn kan aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ti mú iṣẹ́, àwọn kan pupa, tí wọn kò tíì pinnu. Ó ní òun ti rí purotéènì kan tó jọ pé òun ló ń dá àwọn ọmọ náà dúró, bí òun bá mú un kúrò, wọ́n á sáré dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú. Ó ní a ò tíì débẹ̀. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú bàbá mi. Wọ́n wò ó títí.

"Ó jọ iná Onígbólò," wọ́n ní, "bí èèyàn bá ń bọ̀ láti òkèèrè." Wọ́n ní kí n sọ fún un pé kó máa jẹun.

Mo rò pé Tànyí á gbàgbé, wọn kò gbàgbé. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n dé láti ìjọ pẹ̀lú àlejò obìnrin méjì, ẹsẹ̀ gbogbo wọn kún fún eruku. Mo ń gbé omi fún wọn. Àlejò kan wo ọwọ́ bàbá mi, ó sì kẹ́dùn. Tànyí ní, "Ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ oògùn rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìbọ̀sẹ̀ ló mú wá fún un." Bàbá mi ti sùn lórí àga. Obìnrin náà pòṣé, ó ní ọmọ ayé òde òní nìyẹn. Mo dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gba ife padà lọ́wọ́ àlejò nígbà tó mu tán, mo sì wọlé lọ ṣan án.

Dàda ní kí n fi sílẹ̀. Kò yẹ kó fi orúkọ ara rẹ̀ tí mo bà jẹ́ jì mí, ṣùgbọ́n ó ti ṣe é, mo sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Orúkọ rere rẹ̀ wà ní ẹnu Tànyí, èmi ni mo gbé e síbẹ̀, n kò sì tíì lọ gbà á padà fún un.